Yàrá Kẹrin Ṣáájú Yàrá Kẹta

Kò sí ẹni tó ń pe bàbá mi ní orúkọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá Ó-dàárọ̀ ni gbogbo wọn ń pè é, láti orí ọ̀gá àgbà títí dé orí ẹni tó ń gbálẹ̀. Mọ́ṣúárì, níbi tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí, ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ní ìrọ̀lẹ́, tó bá ti fọ ilẹ̀ tán, tó ti yẹ ẹ̀rọ tó ń mú ibẹ̀ tutù wò, tó sì fẹ́ pa iná, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ó dàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi." Lẹ́yìn náà ló máa ń ti ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì kan tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, bàtà rẹ̀ kan ni wọ́n bá lójú ọ̀nà.

Èmi kò rí ẹ̀rín níbẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi kì í fẹ́ jókòó tì mí, wọ́n ní ọwọ́ bàbá mi tutù. Mo dàgbà tán, mo di olùkọ́ kẹ́mísírì, mo sì sọ ọ́ fún gbogbo ayé pé n kò gba ìwin gbọ́, n kò gba òkú tó ń rìn gbọ́, ẹni tó bá sì ń sọ irú rẹ̀ létí mi, màá da ìbéèrè bò ó títí yóò fi pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Mo ń sọ èyí ṣáájú kí ẹ má baà rò pé ojo kan ló ń sọ̀rọ̀ fún yín.

Ohun tó gbé bàbá mi dé ibi iṣẹ́ yẹn kò ṣòroó sọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ó lọ gba òkú ní mọ́ṣúárì, ó sì bá ìyá rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, láìsí aṣọ lára, tí omi páìpù ń kán sí i lójú. Ẹni tó yẹ kó máa tọ́jú ibẹ̀ jókòó sí ìta, ó ń gbọ́ rédíò. Bàbá mi kò bá a jà. Nígbà tí wọ́n sìnkú tán, ó padà lọ síbẹ̀, ó ní kí wọ́n gba òun síṣẹ́. Láti ìgbà náà, kò sí òkú kan tó sun ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú rẹ̀.

Ó wá kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì ni òfin tuntun dé. Wọ́n ti pààrọ̀ òògùn tí wọ́n ń fi ń tọ́jú òkú, ẹnìkan níbòmíràn sì ti po méjì pọ̀ tí kò yẹ kó pò, ojú rẹ̀ kan sì fọ́. Ọ̀gá àgbà wá ní ẹnikẹ́ni tó bá máa di kọ́kọ́rọ́ mọ́ṣúárì mú gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò kẹ́mísírì. Bí bàbá mi bá fìdí rẹmi, ọwọ́ awakọ̀ òkú, ẹni tó ń fi ọkọ̀ gbé òkú wá, ni kọ́kọ́rọ́ náà ń lọ, torí pé òun ti ní ìwé ẹ̀rí. Gbogbo wa la sì mọ awakọ̀ òkú. Bí ẹni ń ju àpò sìmẹ́ńtì sílẹ̀ ló ṣe máa ń ju èèyàn sílẹ̀.

"Kò ní kí wọn," bàbá mi wí fún mi, ojú rẹ̀ sì kọ́rẹ́. "Kò tiẹ̀ ní pa iná jẹ́jẹ́."

Bó ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyẹn. Bó bá ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, á yà sílé mi, á fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, á sì jókòó sídìí tábìlì tí mo ti ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ.

"Tíṣà, ẹ kúùrọ̀lẹ́ o."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní tíṣà."

"Tí mo bá pè ọ́ lọ́mọ mi, o ò ní í kọ́ mi dáadáa. Ojú á máa tì ọ́ láti bú mi."

Ojú kò tì mí rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. N kì í ní sùúrù fún ọmọ kíláàsì, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti bàbá tó ń yọ gíláàsì ojú rẹ̀ nù ní gbogbo ìgbà tí ìbéèrè bá le. Ti ásíìdì kò yọ ọ́ lẹ́nu, imú rẹ̀ ti mọ̀ wọ́n tipẹ́. Ibi tí a ti ń to ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ti dúró gbagidi. Mo kọ 1s² 2s² 2p⁶ sí ìwé, ó wò ó títí, ó ní ta ló gbé nọ́ńbà kéékèèké wọ̀nyẹn pọn sẹ́yìn àwọn yòókù.

Mo wá fi ilé ṣàlàyé. Mo ní inú átọ́ọ̀mù ní yàrá, yàrá ní ibùsùn, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń sùn níbẹ̀. Nọ́ńbà iwájú ni ti yàrá, nọ́ńbà kékeré ẹ̀yìn ni iye àwọn tó ń sùn níbẹ̀. Yàrá s ní ibùsùn kan, p ní mẹ́ta, d ní márùn-ún. Ibùsùn kan kò gbà ju méjì lọ, bí méjì bá sì wà níbẹ̀, ọ̀kan á kọjú síhìn-ín, èkejì á kọjú sọ́hùn-ún. Bàbá mi gbé pẹ́ẹ̀nì sílẹ̀.

"Ibi iṣẹ́ mi lò ń sọ yìí," ó ní. "Pẹpẹ kan, èèyàn méjì. Orí ẹnìkan síbi ẹsẹ̀ ẹnìkejì. Bí pẹpẹ mìíràn bá sì ṣófo nínú yàrá náà, a kì í kó wọn pọ̀. Kálukú á gba tirẹ̀ ná."

"Òfin náà nìyẹn, Bàbá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń ṣe."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ilé."

Mo rò pé màá rí i mú níbi tí gbogbo ọmọ kíláàsì mi ti ń ṣubú, ìyẹn ni pé 4s ló ń kọ́kọ́ kún kí 3d tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín ni bàbá mi fi dá mi lóhùn. Yàrá kìíní àti ìkejì ní mọ́ṣúárì ti kún láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà ló wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ilé ló ń pè wọ́n. Yàrá kẹta ní pẹpẹ márùn-ún, ẹ̀rọ rẹ̀ sì máa ń mu iná púpọ̀. Ìkẹrin ni wọ́n kọ́ gbẹ̀yìn, pẹpẹ fífẹ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà gan-an ló wà, òun ló sì tutù jù. Aṣọ ìkélé rọ́bà ni wọ́n fi pín in níyà sí ìkẹta. Bí òkú tuntun bá dé, ìkẹrin ni wọ́n ń kọ́kọ́ kún.

"Kẹrin ṣáájú kẹta," ó ní. "Kí ló wá le níbẹ̀?"

Ara mi bù máṣọ díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti fi àga ilé ẹ̀kọ́ kọ́ àwọn ọmọ, mo ti fi ìjókòó ọkọ̀ kọ́ wọn, kò sí èyí tó bá a mu tó bẹ́ẹ̀ rí. N kò fẹ́ kó jẹ́ pé òkú ló bá a mu. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé wọ́n ń fara balẹ̀ gbọ́ ẹ̀kọ́ ju àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ó ń ka iṣẹ́ tí mo fún un sí wọn létí, kó tó pa iná.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. "Wọ́n ń dá yín lóhùn?"

"Wọn kì í já lu ọ̀rọ̀ mi bíi tìẹ."

A ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí a fi dé orí kírómíọ́ọ̀mù. Gbogbo ohun tó wà ṣáájú, ó ti mọ bí a ṣe ń fi ágọ́ọ̀nù, [Ar], ṣojú fún wọn, "àwọn àgbà ilé" náà nìyẹn. Ó ku ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́fà láti tò. Bàbá mi kó méjì sí 4s, ó to mẹ́rin sí 3d ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ibùsùn kan sì ṣófo. Mo fa igi pupa sí i. Mo ní ẹyọ kan ló yẹ kó kù ní 4s, kí márùn-ún wà ní 3d.

"Ó ṣe jẹ́?"

"Bí ibùsùn márààrún bá ní ẹnì kọ̀ọ̀kan, ara máa ń tu gbogbo ilé. Nítorí náà ọ̀kan á kúrò ní kẹrin, á gòkè lọ dí àlàfo tó wà ní kẹta, torí 3d ga ju 4s lọ ní agbára."

"Ta ló ní kó gòkè?"

"Kò sẹ́ni tó ní kó gòkè, Bàbá."

"Ó kàn dìde?"

"Ó kàn dìde."

"Ó fi ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀ lórí pẹpẹ?" Ó mi orí. "Tíṣà, nǹkan kì í kàn dìde. Tí kò bá sẹ́ni tó rán an, á jẹ́ pé ó ní agbára tó fi lọ."

Ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ó tún kọ ọ́ báyẹn. Mo tún fa igi pupa. Ó tún bi mí pé ta ló ní kó gòkè. Inú wá bí mi gan-an, mo lu tábìlì, mo ní, "Ẹ kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́! Ẹ má rò ó!" Ó nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Ọjọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la ni ọkọ̀ ojú omi kan dànù. Òjò ti ń rọ̀ láti òwúrọ̀, omi odò tutù bíi yìnyín. Àwọn tó yè ń sunkún, wọ́n ń pọ omi, gbogbo ojú ọ̀nà ilé ìwòsàn kún fọ́fọ́. Dókítà kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ń fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ àwọn tí kò mí mọ́, ó sì ń yára padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń wúkọ́. Ta ni yóò bá a wí? Èèyàn mẹ́fà ni wọ́n gbé fún bàbá mi.

Ó to wọn bó ṣe máa ń tò wọ́n. Àwọn méjì tó kọ́kọ́ dé, yàrá kẹrin: awakọ̀ ọkọ̀ ojú omi náà, tó jẹ́ ọkùnrin fìrìgbọ̀n, àti ọmọbìnrin aránṣọ kan tí téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bàbá mi ká téèpù náà, ó gbé e lé e láyà, ó fi aṣọ dì í, ó sì so ó. Orí rẹ̀ wà níbi ẹsẹ̀ awakọ̀. Àwọn mẹ́rin yòókù, yàrá kẹta, pẹpẹ kọ̀ọ̀kan. Pẹpẹ òkè pátápátá ló ṣófo. Kì í fẹ́ lò ó, torí pé fáànù apá ibẹ̀ ti bàjẹ́, òtútù kì í dé ibẹ̀ dáadáa.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́, kò lè jẹun. Ó ṣe àlàyé bó ṣe tò wọ́n fún mi. Kí n tó mọ ohun tí mo ń sọ, mo ní, "Kírómíọ́ọ̀mù nìyẹn, bí ẹ ṣe máa ń ṣì í kọ."

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo sọ fún wọn. Mo ní gẹ́gẹ́ bí Tíṣà ṣe wí, ọ̀kan nínú ẹ̀yin tó wà ní yàrá kẹrin ní láti gòkè lọ sí ìkẹta. Mo wá ní, ó dàárọ̀ o."

N kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Ní òwúrọ̀ ìdánwò, ó kọ́kọ́ yà kí wọn, bó ṣe máa ń ṣe. Òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tan iná. Ẹnìkan ló wà ní yàrá kẹrin, awakọ̀ náà nìkan. Ó ká aṣọ ìkélé sókè, ó wo yàrá kẹta. Ènìyàn márùn-ún. Èyí tó wà lórí pẹpẹ òkè fi aṣọ bo ara rẹ̀ dé orí.

Ẹ lè rò pé yóò figbe ta. Ẹ̀rín ló rín. Ó ní ohun tó kọ́kọ́ wá sí òun lọ́kàn ni pé òun ti darúgbó, pé kírómíọ́ọ̀mù ti kún òun lórí débi pé bí Tíṣà ṣe fẹ́ ẹ ni òun to òkú lánàá láìmọ̀, tí òun wá ń rántí rẹ̀ ní òdì. Ojú tì í, bí ẹni tó ń wá gíláàsì tó wà lójú rẹ̀. Ọdún tó ti lò nídìí iṣẹ́ náà, kò ṣi òkú tò rí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún un pé ohun tó mọ̀ kọ́ ló tọ̀nà.

Ohun kan ló tún rí. Aṣọ tó fi di awakọ̀ ti tú, apá ọ̀tún rẹ̀ sì nà jáde gbọọrọ, ìka rẹ̀ kọjú sí aṣọ ìkélé. Ó dá apá náà padà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì tún aṣọ náà so. Ẹ̀rọ ń dún kíkankíkan. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o," ó ti ilẹ̀kùn, ó sì wá bá mi.

Èmi ni mo sìn ín dé gbọ̀ngàn ìdánwò. Mo dúró sí fàráńdà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ń wò ó. Ó kọ, ó kọ, inú mi ń dùn. Lẹ́yìn náà ni pẹ́ẹ̀nì rẹ̀ dúró. Ìbéèrè kírómíọ́ọ̀mù ni. Ó ti kọ [Ar] 3d⁵ 4s¹ sílẹ̀, ó tọ̀nà, n kò bá fa igi kankan sí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ta ló ní kó gòkè? Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rántí téèpù tí òun ká. Ó rántí kókó aṣọ tó so, bí òjò ṣe rin ín tí ó fi le láti so. Òun kò ṣì í. Ọwọ́ òun ló gbé ọmọbìnrin náà sí kẹrin. Nǹkan kì í sì í kàn dìde. Èyí tó bá dìde, agbára ń bẹ lára rẹ̀, òkú kò sì ní agbára.

Ó dìde. Ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò ní, "Bàbá, ẹni tó bá jáde kò lè wọlé mọ́ o."

"Mo gbọ́," bàbá mi ní.

Mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, níbo lẹ ń lọ? Kọ́kọ́rọ́ yín ń lọ o! Awakọ̀ òkú ni wọ́n máa fún o!"

"Ẹnìkan wà láàyè níbẹ̀," ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. N kò mọ̀ pé ó ṣì lè sáré bẹ́ẹ̀.

N kò wọ mọ́ṣúárì náà rí títí di ọjọ́ yẹn. Òtútù ibẹ̀ kò dà bí òtútù òjò, inú egungun ló ń wọ̀. Páìpù kan ń kán sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Aṣọ ìkélé rọ́bà ń mì díẹ̀díẹ̀, kò sì sí atẹ́gùn. Bàbá mi dúró lójijì níwájú pẹpẹ yàrá kẹrin, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lù ú. Apá awakọ̀ ti tún nà jáde, ìka rẹ̀ kọjú sí aṣọ ìkélé.

"Mo dá apá yìí padà láàárọ̀," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Mo so ó."

"Iṣan òkú máa ń fà, Bàbá." Èmi olùkọ́ kẹ́mísírì ló sọ bẹ́ẹ̀, eyín mi sì ń lu ara wọn.

Bàbá mi kọjá sí yàrá kẹta, ó gun orí àpótí, ó ṣí aṣọ ẹni tó wà lókè. Aránṣọ ni. Téèpù rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó dì í mú. Bàbá mi yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbé e sí imú ọmọbìnrin náà. Àwa méjèèjì dúró, a ń wò ó. Gíláàsì náà ṣú díẹ̀.

"Ó ń mí," bàbá mi ní, ó sì bú sẹ́kún.

Dókítà ní òtútù odò ló mú èémí rẹ̀ rọlẹ̀, pé ọkàn rẹ̀ ń lù jẹ́jẹ́ débi pé ọwọ́ kò lè mọ̀ ọ́n. Ó ní tó bá jẹ́ pé yàrá kẹrin ló sùn mọ́jú ni, ì bá ti kú. Pẹpẹ òkè tí òtútù kì í dé ló gbà á là. Bó ṣe gun ibẹ̀ nínú òkùnkùn, láìsí àkàbà, kò sẹ́ni tó lè sọ.

Bàbá mi fìdí rẹmi. Ìdajì ìdánwò ló kọ, òfin sì ni òfin. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ló gba kọ́kọ́rọ́ náà, ó ní bàbá yóò tún ìdánwò ṣe, ṣùgbọ́n títí di ìgbà náà, ọwọ́ awakọ̀ òkú ló wà. Ọ̀dọ̀ àwọn alààyè ni wọ́n gbé bàbá mi lọ, ó ń ti bẹ́ẹ̀dì láti wọ́ọ̀dù kan sí èkejì. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ṣì ń lọ dúró síwájú ilẹ̀kùn títì yẹn. Ó ń dùn mí láti rí i.

Nígbà tí ohùn aránṣọ padà, a lọ kí i. Ó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ó ti rù, ó ń fi téèpù wé ìka rẹ̀. Bàbá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì bi í léèrè ohun tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ilé pé kó má bi í.

"Ọmọ mi, ta ló ní kó o gòkè?"

"Awakọ̀ ọkọ̀ ojú omi wa ni, sà," ó ní, bí ẹni tí wọ́n bi ní ohun tí gbogbo ayé mọ̀. "Ó jí mi. Ó ní, 'Aránṣọ, ṣé o ò gbọ́ ohun tí bàbá yẹn wí ni? Ó ní ọ̀kan nínú wa ní láti gòkè.' Mo ní kí òun fúnra rẹ̀ máa lọ, ó ti rẹ̀ mí. Ó ní rárá o, èrò ló ń kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. N ò rí ọ̀nà, ibẹ̀ ṣókùnkùn. Ó wá na ọwọ́ síbi tí màá gbà. Ó ní òun ò ní í ká ọwọ́ òun kò títí màá fi gúnlẹ̀."

Bàbá mi ṣí fìlà rẹ̀. Mo ya ẹnu láti ṣàlàyé, torí mo ní àlàyé: ó gbọ́ ohùn bàbá mi láàárín oorun ni, òtútù sì máa ń mú èèyàn rí ohun tí kò sí. Àlàyé tó dáa ni. Ṣùgbọ́n mo rántí ìgbà tí a gbé e jáde ní mọ́ṣúárì lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo kẹ́yìn. Nígbà tí mo kọjá níwájú yàrá kẹrin, apá awakọ̀ ti padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aṣọ sì bò ó. Mo rò pé bàbá mi ló dá a padà. Mo gbójú sókè báyìí, mo wo bàbá mi lókè orí aránṣọ, mo fọwọ́ kan apá mi. Ó mọ ohun tí mo fẹ́ bi í, ó sì mi orí pé òun kọ́.